Bébà Aráàlú, Òǹtẹ̀ Ọba: Ìtàn Ìlànà Títẹ Òǹtẹ̀ Sára Àpòòwé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọdún 1855, ìjọba Bìrìtéènì gbà kí ẹnikẹ́ni tó bá ní bébà tàbí àpòòwé tirẹ̀ kó o lọ sí Somerset House, létí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó san iye owó òǹtẹ̀ tó fẹ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì bá a tẹ òǹtẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ sí i lára. Àpòòwé tó bá ti ibẹ̀ jáde ti di ohun tí a lè sọ sínú àpótí lẹ́tà láìlẹ sítáǹbù kankan mọ́ ọn. Kì í ṣe ọdún 1855 ni wọ́n kọ́kọ́ ro irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀. Ó ti wà nínú ìwé ìpinnu ìjọba láti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1839, ó sì kù díẹ̀ kí ọdún mẹ́rìndínlógún pé kó tó ṣẹ. Láti mọ ohun tó fà á sẹ́yìn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí ọ̀dọ̀ àwọn agbowó-òde, torí pé ọ̀dọ̀ wọn ni àṣà náà ti wá, kì í ṣe ilé ìfìwéránṣẹ́.

Láti 1694 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbé owó òǹtẹ̀ lé ìwé òfin lórí: ìwé ilẹ̀, ìwé ogún, ìwé àdéhùn. Agbẹjọ́rò tó bá fẹ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ kó awọ tàbí bébà rẹ̀ lọ sí Ọ́fíìsì Òǹtẹ̀. Wọn yóò lu òǹtẹ̀ ọba sí i lára, yóò sanwó, lẹ́yìn náà ni yóò tó fi kálàmù kàn án. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní kóòtù. Ní 1712, òfin náà nawọ́ gán àwọn ìwé ìròyìn. Ní 1765, wọ́n gbé e kọjá òkun lọ sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Amẹ́ríkà, ariwo tó tẹ̀ lé e sì pọ̀ débi pé wọ́n fagi lé e lọ́dún kejì. Ṣùgbọ́n ìbínú tó dá sílẹ̀ kò bá a lọ, ó sì wà lára ohun tó gbé ogun òmìnira dìde níbẹ̀.

Nílé, òfin ìwé ìròyìn dúró digbí. Bébà funfun ni àwọn atẹ̀wé ń kó lọ sí ọ́fíìsì náà. Bí òǹtẹ̀ bá ti wà ní igun rẹ̀ ni wọ́n tó lè gbé e lọ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ní 1836, owó náà wálẹ̀ láti pẹ́nì mẹ́rin sí pẹ́nì kan, wọ́n sì gbẹ́ orúkọ ìwé ìròyìn kọ̀ọ̀kan sínú irin òǹtẹ̀ tirẹ̀, kí ọ̀kan má baà máa lo ti ẹlòmíràn. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó kan ọ̀rọ̀ lẹ́tà gan-an: ìwé ìròyìn tó bá ti ní òǹtẹ̀ yìí ń bá ọkọ̀ ìfìwéránṣẹ́ lọ káàkiri ìlú láìtún san kọ́bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ sítáǹbù lẹ́tà rárá, àwọn òṣìṣẹ́ òǹtẹ̀ ti lo ọdún tó ju ọgọ́rùn-ún lọ lẹ́nu iṣẹ́ títẹ òǹtẹ̀ sórí bébà aráàlú.

Lẹ́tà ní tirẹ̀ wà lábẹ́ ètò mìíràn. Títí di òpin 1839, ìrìn àti iye abala bébà ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀. Lẹ́tà alábala kan láti ìlú kan sí òmíràn lè gba pẹ́nì mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Bí ó bá di abala méjì, owó náà di ìlọ́po méjì. Abala bébà sì ni àpòòwé jẹ́ lójú òfin. Ẹni tó bá fi lẹ́tà sínú àpòòwé ti san owó méjì nítorí ìbora lásán. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ká bébà náà fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń fi ìda dí i, tí wọ́n sì ń kọ àdírẹ́sì sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́wó ná a máa kọ̀wé lóòró títí bébà yóò fi kún, wọ́n á yí i padà, wọ́n á tún kọ ọ́ níbùú lé orí èyí tó wà níbẹ̀, kí abala kan lè gba ọ̀rọ̀ abala méjì. Ojú ẹni tó ń kà á nìyà náà ń jẹ. Ẹni tí lẹ́tà ń bọ̀ wá bá ni ó sábà máa ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Bí kò bá rí i san, apínlẹ́tà á gbé lẹ́tà náà padà. Àwọn aṣòfin ní tiwọn ń kọ orúkọ wọn sára lẹ́tà tí yóò sì lọ lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kì í sì í fi àǹfààní náà du ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀.

Àwọn ìlú kan ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ṣáájú. Ní Venice, láti 1608, bébà tí wọ́n tẹ lẹ́tà A àti Q sí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń kọ̀wé, owó rẹ̀ sì ń lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó omi ìlú. Ní Paris, Renouard de Villayer ta pélébé bébà tó fi hàn pé a ti sanwó ní 1653, ṣùgbọ́n òwò náà kò pẹ́ kó tó tú. Ìjọba Sardinia náà gbé bébà kan jáde ní 1819 tó ní àwòrán ọmọdé lórí ẹṣin tó ń fọn fèrè. Owó orí lórí lẹ́tà tí kò gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá ló wà fún, kì í ṣe owó ìfìwéránṣẹ́ gan-an. Èyí tó sún mọ́ ọ̀ràn yìí jù ni ti Sydney ní Ọsirélíà. James Raymond, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ta bébà lẹ́tà tí òǹtẹ̀ aláìláwọ̀ yọ sókè lára rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1838, méjìlá ní ṣílè kan àti pẹ́nì mẹ́ta, fún lẹ́tà àárín ìlú. Àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ rà á. Bẹ́ẹ̀, ó fi oṣù méjìdínlógún ṣáájú sítáǹbù àkọ́kọ́ tí gbogbo ayé mọ̀.

Rowland Hill, tó ti ṣe olùkọ́ rí, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní 1837 lórí àtúnṣe ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ṣírò pé gbígbé lẹ́tà kan láti Lọ́ńdọ̀nù dé Edinburgh kò ná ìjọba ju ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógójì pẹ́nì kan lọ. Ìrìn kọ́ ló ń gbówó, ó ní, bí kò ṣe wàhálà kíkọ iye sílẹ̀ àti gbígba owó lójúlé kan sí òmíràn. Nítorí náà, kí gbogbo lẹ́tà tí kò bá wúwo ju ààbọ̀ aunsi lọ máa gba pẹ́nì kan, ibi yòówù kó ń lọ nínú ilẹ̀ náà, kí ẹni tó rán an sì sanwó ṣáájú. Bébà àti àpòòwé tí a ti tẹ òǹtẹ̀ sí lára ni Hill fọkàn sí pé aráàlú yóò máa rà. Ti ègé bébà kékeré tí a fi gọ́ọ̀mù sí lẹ́yìn, ìyẹn ohun tí gbogbo ènìyàn wá ń pè ní sítáǹbù lónìí, ó kàn fi kún un ni, fún ẹni tó bá gbé lẹ́tà lásán wá sí ilé ìfìwéránṣẹ́, tí kò sì lè kọ àdírẹ́sì mìíràn sórí ìbora tuntun. Ohun tí Hill fi ṣe àfikún ni aráàlú wá sọ di olórí.

Òfin náà gba ìfọwọ́sí ọba ní oṣù Kẹjọ 1839. Ilé Ìṣúra pe gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n mú àbá wá lórí irú òǹtẹ̀ tó dára, àbá tó wọlé sì tó 2,600. Wọ́n pín ẹ̀bùn fún àwọn mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn fún àbá kọ̀ọ̀kan. Henry Cole wà lára wọn, àti Benjamin Cheverton, tó dábàá òǹtẹ̀ olórí ènìyàn tó yọ sókè. Kò sí àbá kankan tí wọ́n lò bó ṣe wà. Ìwé ìpinnu ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá wá to ọ̀nà mẹ́rin kalẹ̀: bébà ìbora tí a ti tẹ òǹtẹ̀ sí, àpòòwé tí a ti tẹ òǹtẹ̀ sí, sítáǹbù alẹ̀mọ́, àti òǹtẹ̀ tí a ó máa tẹ̀ sórí irú bébà yòówù tí aráàlú bá kó wá sí Ọ́fíìsì Òǹtẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ agbowó-òde yóò rí i pé ìkẹrin yìí ni ó dàgbà jù láàárín wọn. Òun gan-an sì ni wọ́n fi sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀rù ayédèrú ni. Nínú ọ̀nà mẹ́ta àkọ́kọ́, bébà ló ń ṣọ́ òǹtẹ̀. Ilé iṣẹ́ John Dickinson ló ń ṣe bébà ìbora àti ti àpòòwé, ó sì ń hun òwú ṣẹ́dà sínú rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, débi pé a lè fi ìka yọ òwú náà jáde bí a bá ya bébà ọ̀hún. Ti sítáǹbù alẹ̀mọ́ ní àmì omi adé. Oníjìbìtì tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ jìjàkadì pẹ̀lú ṣíṣe bébà kó tó kan òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aráàlú bá ń kó bébà tirẹ̀ wá, ẹ̀ṣọ́ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn: irin òǹtẹ̀ nìkan ló kù, àwọn aláṣẹ kò sì tíì ní irin tí wọ́n lè fọkàn tán tó bẹ́ẹ̀.

Pẹ́nì kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jákèjádò ilẹ̀ náà ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 1840, lọ́jọ́ yìí kan náà ni àǹfààní lẹ́tà ọ̀fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin. Kò tíì sí sítáǹbù nílẹ̀, owó ni wọ́n ń kà lé káńtà. Láti tu àwọn aṣòfin lójú, wọ́n tẹ àpòòwé olówó pẹ́nì kan fún wọn láàárín oṣù náà, tí wọn kò gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ níbòmíràn ju inú ilé ìgbìmọ̀ lọ. Ìyẹn ni àpòòwé àkọ́kọ́ tí ìjọba ilẹ̀ náà ti gba owó lẹ́tà sórí rẹ̀ ṣáájú.

Ti aráàlú dé ní oṣù Karùn-ún. Wọ́n gbé iṣẹ́ yíya rẹ̀ fún William Mulready, ayàwòrán tó lórúkọ, ọmọ ẹgbẹ́ Royal Academy. Ó ya Britannia sókè láàárín, kìnnìún lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà, àwọn oníṣẹ́ abìyẹ́ sì ń fò lọ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sí gbogbo ayé. Erin àti ràkúnmí wà lápá kan, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà wà lápá kejì, àwọn ìdílé tó ń ka lẹ́tà wà nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Gbogbo rẹ̀ gba ibi tó pọ̀ lójú àpòòwé, ó ku àyè bín-ín-tín fún àdírẹ́sì. Dúdú ni ti pẹ́nì kan, búlúù ni ti pẹ́nì méjì. Owó àpòòwé fi ìdá mẹ́rin pẹ́nì ju owó òǹtẹ̀ lọ, nítorí bébà.

Ẹ̀fẹ̀ ni Lọ́ńdọ̀nù fi í ṣe. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ abìyẹ́ náà kò ní ju ẹsẹ̀ kan lọ. Àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀, John Leech wà lára wọn, tẹ irú tiwọn jáde, àwọn tó ń ta bébà ìkọ̀wé, tí inú wọn kò dùn pé ìjọba wọ ọjà wọn, sì tà á kiri. Kò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ lẹ́yìn tí lílò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún tí Hill fi kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ó jọ pé àwọn yóò ní láti wá òmíràn dípò rẹ̀. Sítáǹbù dúdú olórí Ọbabìnrin Victoria, tó jáde pẹ̀lú rẹ̀, ń tà wàràwàrà ní tirẹ̀. Àpapọ̀ èyí tí ilé iṣẹ́ Perkins Bacon tẹ̀ ju mílíọ̀nù 68 lọ. Lẹ́tà tó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 76 ní 1839 di bíi mílíọ̀nù 169 ní 1840.

Ohun kan ni àwọn oníṣòwò rí nínú àpòòwé Mulready tí ìjọba kò rí. Wọ́n rà á lọ́pọ̀, wọ́n tẹ ìpolówó ọjà sínú rẹ̀ àti sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì tún un tà ní iye tó dín sí owó òǹtẹ̀ tó wà lára rẹ̀, torí pé àwọn olùpolówó ti san èyí tó kù. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe lè fi àpòòwé olóǹtẹ̀ polówó ọjà hàn gbangba láti ìgbà náà.

Nígbà tí wọ́n dá títà rẹ̀ dúró ní 1841, ẹgbàágbèje rẹ̀ ló kù ní ilé ìṣúra. Wọ́n kó o sínú àpótí irin ńlá, wọ́n dáná sí i. Etí rẹ̀ jó, inú ìdì kò gbiná, èéfín sì gba àdúgbò. Níkẹyìn ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe láti máa lu ihò sí àárín wọn.

Àpòòwé tó rọ́pò rẹ̀ kò ní àwòrán kankan ju òǹtẹ̀ lọ, ó sì wà ní igun tí ojú apínlẹ́tà ń kọ́kọ́ wò. William Wyon, agbẹ́ owó ẹyọ, ló gbẹ́ orí ọbabìnrin náà. Bí a bá mú ọ̀kan lọ́wọ́, a ó rí i pé orí náà funfun, ó sì yọ sókè lára bébà, ìka lè mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Àwọ̀ osùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí i ká, pẹ̀lú ìlà wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ fín, èyí tí ọwọ́ lásán kò lè fín gún régé. Kòtò ni wọ́n gbẹ́ orí náà sí lójú irin. Ibi tó tẹ́jú nìkan ni yíǹkì ń kàn. Bí irin bá bọ́ lu bébà, ohun rírọ̀ tó wà lábẹ́ yóò ti bébà wọ inú kòtò, orí á yọ ní funfun, àyíká rẹ̀ á gba àwọ̀. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni fún yíyọ àti kíkùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú rẹ̀ ní láti jẹ́ agbẹ́nà àti atẹ̀wé pọ̀. Pẹ́nì kan ló kọ́kọ́ jáde, pẹ́nì méjì aláwọ̀ búlúù sì tẹ̀ lé e láàárín ọdún náà. Lójú ẹni tó ń kọ èyí, iṣẹ́ òǹtẹ̀ tó lẹ́wà jù tí ìjọba náà ṣe ní gbogbo ọ̀rúndún 19 nìyí, ó sì yani lẹ́nu pé sítáǹbù dúdú ló gba gbogbo òkìkí.

Bébà Dickinson olówùú ṣẹ́dà ṣì ni wọ́n ń lò fún un. Edwin Hill, ẹ̀gbọ́n Rowland, ni alábòójútó òǹtẹ̀ ní Ọ́fíìsì Òǹtẹ̀, ní Somerset House. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká àpòòwé nígbà náà, àwọn ọmọbìnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà. Edwin àti Warren De La Rue gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń ká àpòòwé ní 1845, wọ́n sì gbé e síta níbi Àfihàn Ńlá ti 1851, níbi tó ti ń ká bíi 2,700 ní wákàtí kan. Kò tún sí ẹni tó ń ka àpòòwé sí abala kejì mọ́, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń gbowó. Láàárín ọdún mẹ́wàá péré, ohun tí òfin fi ń jẹ àwọn ènìyàn níyà di ohun tí gbogbo ilé ń lò, àwọn tó ń ta bébà sì ní oríṣiríṣi rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù: aláwọ̀, alámì ilé iṣẹ́, aláwọ̀ dúdú létí fún ọ̀fọ̀. Kò sí èyí tó lè gba òǹtẹ̀ ìjọba nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ àpòòwé olóǹtẹ̀ ní láti gba irú èyí tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní lọ́wọ́.

Èyí ni 1855 yí padà. Ọdún náà kan náà ni owó òǹtẹ̀ ọ̀ranyàn kúrò lórí ìwé ìròyìn. Oníwèé ìròyìn tó bá wù ú ṣì lè tẹ òǹtẹ̀ sára bébà rẹ̀, kìkì láti fi san owó ìfìwéránṣẹ́. Somerset House wá ń bá iṣẹ́ tó mọ̀ dáadáa lọ, bébà tí wọ́n ń kó wá ló yàtọ̀. Wọ́n jáwọ́ nínú pé dandan ni kó jẹ́ bébà olówùú ṣẹ́dà. Òǹtẹ̀ wà láti pẹ́nì kan dé ṣílè kan, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan fún iye kọ̀ọ̀kan: aláwọ̀ ewé ni ti ṣílè. Bí owó lẹ́tà tí ẹnì kan fẹ́ kò bá bá irin kan ṣoṣo mu, wọ́n á tẹ irin méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn títí iye rẹ̀ yóò fi pé.

Nígbà tí bébà kò ṣọ́ òǹtẹ̀ mọ́, irin ni wọ́n fún ní iṣẹ́ ìṣọ́ náà. Wọ́n lu ihò róbótó mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ irin kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ki èèkàn kéékèèké bọ̀ ọ́ tó ní nọ́ńbà ọjọ́, oṣù àti ọdún. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á yí nọ́ńbà ọjọ́ padà. Bí àpòòwé bá ṣe ń jáde lábẹ́ irin náà ni ó ń gbé ọjọ́ tí a tẹ̀ ẹ́ lára, bíi 30, 10, 55, ní bíńtín tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Bí ayédèrú bá wáyé, tàbí bí òṣìṣẹ́ kan bá ń tẹ̀ ẹ́ lóru fún ara rẹ̀, ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ yóò tako ìwé ìṣirò.

Àwọn tó kọ́kọ́ fò mọ́ àǹfààní náà ni ilé iṣẹ́ ńláńlá, báǹkì, ẹgbẹ́ alájọṣe àti àwọn tó ń tẹ ìwé. Ní 1857, Smith, Elder, ilé ìtẹ̀wé tó tẹ ìwé Charlotte Brontë jáde, gba àṣẹ pé kí wọ́n tẹ òrùka yí òǹtẹ̀ náà ká, kí orúkọ àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ náà sì wà nínú òrùka. W. H. Smith tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ìpolówó nìyí nítòsí orí ọbabìnrin, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ìjọba, ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tó bá ní orí ọba lára.

Òrùka yìí ní iṣẹ́ mìíràn tó ju ìpolówó lọ. Owó ni sítáǹbù alẹ̀mọ́ jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé e: akọ̀wé tó jí ogún nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá rẹ̀ lè tà á fún ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó lè mọ ibi tó ti wá. Àpòòwé tó ti ní òǹtẹ̀ àti orúkọ ilé iṣẹ́ lára kò ṣeé tà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ dúró pẹ̀lú sítáǹbù wá ọgbọ́n tiwọn: ẹgbẹ́ Oxford Union tẹ lẹ́tà O.U.S. lé sítáǹbù rẹ̀, Joseph Sloper sì gba àṣẹ ní 1868 láti máa fi ẹ̀rọ lu ihò tó ń kọ lẹ́tà orúkọ ilé iṣẹ́ sójú sítáǹbù. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń dáhùn.

Òfin kan tó bí ọ̀pọ̀ nínú ni ti gígé òǹtẹ̀. Ẹni tó bá ṣi àdírẹ́sì kọ sórí àpòòwé olóǹtẹ̀ kò lè fi sísọ́ọ̀sì gé òǹtẹ̀ náà kúrò kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn. Ara àpòòwé tó wà ló ti níye lórí. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, ègé bébà lásán ni. Kò yẹ kó ṣòro láti rí ìdí rẹ̀, torí pé òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára àpòòwé rọrùn láti gé kúrò lára lẹ́tà tó ti dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, bí ilé ìfìwéránṣẹ́ kò bá fi òǹtẹ̀ dúdú pa á dáadáa. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni wọ́n tó dẹ òfin náà.

Pósíkáàdì tún gbé ìjà àtijọ́ dìde. Ọ́síríà ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní oṣù Kẹwàá 1869. Bìrìtéènì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1870 pẹ̀lú káàdì ìjọba tí wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ ààbọ̀ pẹ́nì sí, wọ́n sì rán nǹkan bíi mílíọ̀nù 75 láàárín ọdún àkọ́kọ́. Ààbọ̀ pẹ́nì náà ni wọ́n ń tà á; ọ̀fẹ́ ni káàdì fúnra rẹ̀. Àwọn oníṣòwò bébà figbe ta pé kò sẹ́ni tó lè bá ìjọba tó ń fi káàdì tọrẹ díje. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lé káàdì nígbà tó yá, ó sì gbà ní 1872 kí àwọn aládàáni kó káàdì tiwọn wá fún títẹ òǹtẹ̀, bí ó bá ti bá ìwọ̀n káàdì ìjọba mu. Ẹni tó bá lẹ sítáǹbù ààbọ̀ pẹ́nì mọ́ káàdì tirẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀. Owó lẹ́tà ni wọ́n ń bu fún un. Ó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1894 kí wọ́n tó gbà á láàyè, láti ìgbà náà ni pósíkáàdì aláwòrán sì ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ náà.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Òfin oṣù Kẹjọ 1852 ló dá àpòòwé olóǹtẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, George F. Nesbitt ti New York ló gba kọ́ńtíráàtì, èyí àkọ́kọ́ sì jáde ní 1853. Nesbitt tẹ èdìdì ilé iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì sí ìdérí àpòòwé ìjọba. Àwọn aláṣẹ kò pẹ́ tí wọ́n fi pàṣẹ kí ó yọ ọ́. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń gbé lẹ́tà lọ sí ibi tí ìfìwéránṣẹ́ kò dé rí àyè nínú òfin yìí, torí ó gbà kí wọ́n gbé lẹ́tà tó bá ti wà nínú àpòòwé olóǹtẹ̀ ìjọba. Wells Fargo, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1852 kan náà, ra àpòòwé ìjọba, ó tẹ àmì tirẹ̀ sí i, ó sì ń gba owó tirẹ̀ lé ti ìjọba. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ ní 1861, ìjọba sọ sítáǹbù àti àpòòwé tó wà níta di aláìníye, kí àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù má baà rí èyí tó wà lọ́wọ́ wọn sọ di owó.

Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ pe aráàlú pé kí wọ́n kó bébà tiwọn wá. Bébà ìjọba ni, ìjọba ló sì ń bá wọn tẹ orúkọ sí i. Láti 1865, oníṣòwò lè béèrè kí wọ́n tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sí igun àpòòwé olóǹtẹ̀, kí lẹ́tà tí kò bá rí ẹni tó ń wá lè padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dín lẹ́tà tó ń ṣòfò kù. Àwọn atẹ̀wé kéékèèké sì ń fi ẹ̀sùn kan ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà pé ó gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ẹjọ́ àwọn oníṣòwò bébà ti Lọ́ńdọ̀nù kan náà ni, apá kejì òkun ni wọ́n ti ń rò ó.

Ní Jámánì, ti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n tẹ̀ lé, wọ́n sì ṣe é jù ú lọ. Nígbà tí ọ̀rúndún 19 ń parí lọ, àwọn ẹgbẹ́, ilé ọtí, àfihàn ọjà àti ilé iṣẹ́ ń kó káàdì àti àpòòwé aláwòrán fún ilé ìtẹ̀wé ìjọba ní Berlin láti tẹ òǹtẹ̀ sí. Àwọn olùkójọ ohun ìfìwéránṣẹ́ ní ìsọ̀rí odindi fún wọn títí dòní.

Èkó kò kópa nínú títẹ òǹtẹ̀ sórí bébà aráàlú ní àkókò yìí, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ lò wá láti inú iṣẹ́ àwọn ènìyàn kan náà. Ilé iṣẹ́ De La Rue, tí Warren jẹ́ ọmọ ẹni tó dá a sílẹ̀, ló tẹ sítáǹbù àkọ́kọ́ tí Èkó gbé jáde ní oṣù Kẹfà 1874, tó ní orí Victoria lára. Ó jẹ́ ọdún kẹtàlá lẹ́yìn tí Bìrìtéènì gba ìlú náà lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú.

Ohun tó mú kí kíkó bébà lọ sí ọ́fíìsì òǹtẹ̀ dín kù ni ẹ̀rọ kan tó lè tẹ òǹtẹ̀ níbi tí àpòòwé wà. Arthur Pitney ti ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Ìjọba ibẹ̀ gbà á ní 1920, ọdún tí Àpéjọ Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé ní Madrid náà gbà kí lẹ́tà olóǹtẹ̀ ẹ̀rọ máa kọjá ibodè. Bìrìtéènì fọwọ́ sí i ní 1922. Ilé iṣẹ́ á san owó sílẹ̀ ṣáájú ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n á ṣí mítà ẹ̀rọ náà dé iye tó san, wọ́n á sì fi èdìdì dí i. Ní ọ́fíìsì tirẹ̀, akọ̀wé á ti àpòòwé kọjá lábẹ́ rẹ̀, òǹtẹ̀ pupa á jáde pẹ̀lú iye owó, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àti ọ̀rọ̀ ìpolówó ilé iṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.